Yíyan Àwòṣe Súwẹ́tà fún Ìgbà Ìwọ́wé

Ẹwà nìkan kọ́ ni a fi ń yan àwòṣe súwẹ́tà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù kẹsàn-án, òtútù a máa mú ní òwúrọ̀, ooru díẹ̀ a sì dé ní ọ̀sán. Nítorí náà, èyí tí ó ní bọ́tìnnì níwájú ni ó yẹ, nítorí ó rọrùn láti bọ́. Bí òtútù bá le sí i ní oṣù kọkànlá, àwòṣe erékùṣù Fair Isle dára: òwú àwọ̀ méjì ni a fi ń hun ìlà kan, èyí tí a kò lò a gba ẹ̀yìn, aṣọ a sì nípọn.

Ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ hun ègé kékeré, kí a ka ojú rẹ̀. Bí àwòṣe bá bèèrè ojú 22 nínú sẹ̀ǹtímítà 10, tí tiwa sì jẹ́ 20, súwẹ́tà oní sẹ̀ǹtímítà 100 yóò di 110. Kí a yára mú abẹ́rẹ́ tí ó tín-ín-rín jù bẹ́ẹ̀, kí làálàá wa má bàa já sí asán.