Àròkọ Aṣàlàyé: Bí Abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò Ṣe Ń Sọ Ẹ̀ṣẹ́ Rẹ̀ Di Líle

Ìlànà: Irú àròkọ yìí ń fẹ́ ètò. To àlàyé rẹ bí iṣẹ́ náà ti ń tẹ̀ lé ara wọn. Má ṣe fi ìtàn ìjà rọ́pò rẹ̀.

Àpẹẹrẹ: Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ ni a fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Ẹni tó bá dé Rowe Park ní Yábàá, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, yóò gbà pé òtítọ́ ni.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé inú apá ni agbára ẹ̀ṣẹ́ wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ilẹ̀ ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀: ẹsẹ̀ yóò ti ilẹ̀, ìbàdí yóò yí, èjìká yóò tẹ̀ lé e, kí ọwọ́ tó jáde. Nítorí náà, ẹsẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń tọ́jú. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò sáré ní ìdájí, yóò sì fo okùn.

Lẹ́yìn èyí, yóò fi báńdéèjì di ọwọ́, nítorí bí kò bá dì í, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ lè rọ́. Yóò wọ ìbọ̀wọ́, yóò sì dojú kọ àpò wíwúwo tí a so rọ̀. Ìṣẹ́jú 3 ni yóò fi lù ú, ìṣẹ́jú 1 ni yóò fi sinmi, bí ó ti rí lójú ìjà gan-an. Àwọn mìíràn a tún máa fi òòlù ńlá lu ògbólógbòó táyà, kí ẹ̀yìn àti ìbàdí lè le.

Agbára àti ìfaradà ni Dick Tiger fi borí Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà ní Ìbàdàn ní ọdún 1963. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ́ tí a kọ́ kì í ṣe fún ìjà ìgboro ní Muṣin. Inú okùn ni ó mọ.

Àkíyèsí: Wo bí “nítorí náà” àti “lẹ́yìn èyí” ti so àlàyé pọ̀.