Nígbà Tí Ìrẹ̀wẹ̀sì Ìyá Ọlọ́mọ Bá Yí Ojú Padà

Ẹ̀kọ́ wa yìí dá lórí àìsàn ọkàn kan tí orúkọ rẹ̀ lè yí padà lẹ́yìn tí ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ yìí. Ìyá kan bímọ. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò lè jẹun, ó ń sunkún ṣáá, kò sì fẹ́ gbé ọmọ rẹ̀. Wọ́n sọ fún un nílé ìwòsàn pé ìrẹ̀wẹ̀sì ni, wọ́n sì fún un ní oògùn. Nígbà tí ó yá, ara rẹ̀ le, inú gbogbo ilé sì dùn. Ṣùgbọ́n ara náà yá ju bó ti yẹ lọ. Kò sùn fún òru méjì, síbẹ̀ kò rẹ̀ ẹ́. Ó ń fọ ilé láago méjì òru, ọ̀rọ̀ ń sáré lẹ́nu rẹ̀, ó sì fi owó òwò gaàrí rẹ̀ ra aṣọ fún ogójì ènìyàn. Ìyá ọkọ rẹ̀ ń dúpẹ́ pé ara ti dá. Ara kò tíì dá. Ojú kejì àìsàn náà ni ó yọ.

KÍ NI ÀÌSÀN YÌÍ?

Bipolar ni àwọn dókítà ń pè é. Nígbà kan, ọkàn aláìsàn á rẹ̀wẹ̀sì. Nígbà mìíràn, ara rẹ̀ á yá gágá, tàbí kí ó máa kanra, kọjá ààlà. Ìrẹ̀wẹ̀sì ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ fara hàn. Ẹni tí ara rẹ̀ yá gágá kì í lọ sílé ìwòsàn, nítorí náà dókítà kì í gbọ́ nípa rẹ̀.

Ní Pittsburgh, ní Amẹ́ríkà, wọ́n bi 10,000 ìyá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní ìbéèrè nípa ọkàn wọn. Wọ́n yẹ 826 wò dáadáa nínú àwọn tí ó jọ pé wọ́n ní ìrẹ̀wẹ̀sì. Nínú 100 wọn, bíi 23 ni ó jẹ́ pé bipolar ni. Ọdún 2013 ni wọ́n tẹ àbájáde yìí jáde.

KÍ NÌDÍ TÍ Ó FI ṢE PÀTÀKÌ?

A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Bí ẹni tí ó ní bipolar bá ń lo oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì nìkan, oògùn náà lè mú kí ara rẹ̀ yá kọjá ààlà. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ ni ewu pọ̀ jù, nítorí pé àìsàn yìí lè di abisínwín. Ìyá kan tàbí méjì nínú 1,000 ni abisínwín ń mú, ṣùgbọ́n ó ń mú àwọn tí ó ní bipolar ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀tá, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ìyá. Ó ní ìtọ́jú.

ẸYIN AGBẸ̀BÍ, Ẹ BÉÈRÈ

1. Ǹjẹ́ ìgbà kan wà rí tí ara yín yá gágá fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹ kò fi bẹ́ẹ̀ sùn, tí kò sì rẹ̀ yín?
2. Nígbà náà, ǹjẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ tàbí ẹ ń náwó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ?
3. Ǹjẹ́ ẹnì kan nínú ẹbí yín ti ní àìsàn ọpọlọ tàbí abisínwín rí?
4. Bí ẹ bá ti lo oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì rí, báwo ni ara yín ṣe rí lẹ́yìn rẹ̀?

Ẹ bi ọkọ tàbí ìyá rẹ̀ náà. Nígbà tí Dókítà T. Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ní Aro, Abẹ́òkúta, ní 1954, àwọn aláìsàn ń gbé nínú abúlé tó wà láyìíká ibẹ̀, ẹbí wọn sì ń bá wọn gbé. Ẹni tí ó ń bá aláìsàn gbé ni ó ń rí ohun tí aláìsàn fúnra rẹ̀ kò rí.

Ẹ̀YIN ÌYÁ, Ẹ RÁNTÍ

Ẹ má ṣe dá oògùn dúró fúnra yín. Ẹ padà lọ bá dókítà, kí ó yẹ̀ yín wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ẹ bá lóyún tàbí ẹ fẹ́ lóyún, ẹ sọ fún un, nítorí pé àwọn oògùn kan, bíi sodium valproate, lè ṣe ọmọ inú oyún ní jàǹbá.

Bí ìyá kan kò bá sùn fún òru méjì tí kò sì rẹ̀ ẹ́, tí ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tí ó ní òun fẹ́ kú, tàbí tí ó ń sọ ohun àjèjì nípa ọmọ rẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ìjọba ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ náà gan-an. Dókítà lè kọ ìwé fún un láti ibẹ̀ lọ sí Aro. Ẹ má ṣe dè é, ẹ má ṣe nà án, ẹ má sì fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀.

Bí orúkọ àìsàn bá yí padà, kò túmọ̀ sí pé ẹnì kan purọ́ fún yín. Ohun tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú: ẹ tètè wá.