ÌWÉ ÌDÈNÀ FÚN LẸ́TÀKÚLẸ́TÀ

Bí ìka kan bá tọ́ epo, a máa ran àwọn yòókù. Òtítọ́ òwe yìí hàn gbangba nínú ọ̀ràn lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Lẹ́tàkúlẹ́tà ni èyí tí a fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn tí kò béèrè fún un. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1978, Gary Thuerk fi irú rẹ̀ polówó kọ̀ǹpútà fún nǹkan bí 400 ènìyàn ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn náà ni àwọn oníjìbìtì gba ọ̀nà náà kan, títí kan àwọn tí abala 419 nínú ìwé òfin Nàìjíríà sọ ní orúkọ.

Nítorí ìyọnu yìí ni a ṣe dá ìwé ìdènà sílẹ̀. Ọ̀kan tí ó lókìkí ni Spamhaus, tí Steve Linford dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1998. Gbogbo kọ̀ǹpútà tí ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ ni ó ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bí lẹ́tà bá dé, kọ̀ǹpútà tí yóò gbà á a kọ́kọ́ wo ìwé náà. Bí nọ́ńbà ẹni tí ó mú un wá bá wà níbẹ̀, a ó lé e padà láì tú lẹ́tà wò. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọlọ́dẹ tí ń ṣọ́ géètì àdúgbò ní Ìgándò ń ṣe lóru: ojú àlejò ni ó ń wò, kì í ṣe ẹrù rẹ̀.

Ọ̀nà yìí yá, ṣùgbọ́n ó ní ewu. Ká ní ilé iṣẹ́ mẹ́wàá ní Ìkòtún àti Ẹ̀gbẹ́dá pín kọ̀ǹpútà kan lò fún lẹ́tà wọn, tí ilé ẹ̀kọ́ kan sì wà lára wọn. Bí ẹnì kan nínú wọn bá fi jìbìtì ránṣẹ́ lálẹ́, nọ́ńbà gbogbo wọn ni yóò wọ ìwé ìdènà. Ní òwúrọ̀, ilé ẹ̀kọ́ náà lè fi orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ ránṣẹ́ fún ẹ̀bùn owó ẹ̀kọ́, kí lẹ́tà náà padà sí ọwọ́ rẹ̀, kí ọjọ́ sì kọjá lórí ọmọ aláìmọwọ́mẹsẹ̀.

Àtúnṣe wà. Ẹni tí ó ni kọ̀ǹpútà náà gbọ́dọ̀ lé ọ̀daràn jáde, kí ó tó bẹ̀bẹ̀ pé kí a yọ nọ́ńbà rẹ̀. Spamhaus kì í sì í gba owó fún èyí. Ṣùgbọ́n ìṣọ́ra sàn ju ẹ̀bẹ̀ lọ. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.