Ìwúlò Àbá Nínú Ìwádìí Ìjìnlẹ̀

Ẹni tí kò mọ ohun tí òun ń wá, bí ó tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, yóò ré e kọjá. Nítorí náà ni olùwádìí fi ń kọ́kọ́ dá àbá. Ní Ìbàdàn, láàrin ọdún 1960 sí 1969, Dókítà Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun rí àwọn aláìsàn tí ẹsẹ̀ wọn kú, tí ojú wọn sì ń ṣú. Ó dá àbá pé májèlé inú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́ ni ó fà á. Àbá yìí ni ó darí rẹ̀ sí oúnjẹ àti ẹ̀jẹ̀ wọn, ó sì bá ipa májèlé náà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, nítorí ilé wo ni a kì í ti í jẹ ẹ̀gẹ́? Ṣùgbọ́n àbá tí a sọ gbangba ṣeé dán wò: ní ọdún 2003, ìwádìí tí a ṣe ní Ọ̀sọ̀sà, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, kò rí i pé májèlé náà ni ó ń fa àrùn yìí.