Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Àwọn Ẹyẹ Etí Ọ̀sà Àgbádárìgì



Nígbà ọyẹ́, ẹni tó bá dúró létí ọ̀sà ní Àgbádárìgì, tàbí tó wọkọ̀ kọjá sí Gberefu lọ sétí òkun, yóò rí àwọn ẹyẹ funfun kan tí ẹ̀yìn orí wọn dúdú, tí ìrù wọn là sí méjì. Bí wọ́n bá ti rí ẹja, wọn á ká ìyẹ́ mọ́ra, wọn á já ṣòòrò sínú omi.

Nínú Súrátul-Mulk (67), ẹsẹ 19, Ọlọ́hun pe àkíyèsí wa sí ẹyẹ tó ń tẹ́ ìyẹ́ lókè orí wa, tó sì ń ká a. Fún títẹ́, ọ̀rọ̀ orúkọ ni Ó lò: ṣāffāt. Fún kíká, ọ̀rọ̀ ìṣe ni: yaqbiḍna. Zamakhshari ṣàlàyé pé títẹ́ ìyẹ́ ni ìpìlẹ̀ fífò, bí nína apá ti jẹ́ nínú ìlúwẹ̀ẹ́. Kíká kàn ń wáyé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni. Ọjọ́ pẹ́ tí a ti ń kọ ẹsẹ yìí sójú pátákó. Etí ọ̀sà ló ti yé àwọn ọmọ kíá.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ará ibí. Òtútù Yúróòpù ló ń lé wọn wá. Alápàńdẹ̀dẹ̀, tí kò wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù 20 lọ, ń rìn jù wọ́n lọ: èyí tí wọ́n fi òrùka sí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1911, Natal ní Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti rí i ní December 1912.

Ohun tó ń dùn wá ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi rọ́bà ta àlejò wọ̀nyí lókùúta. Ní Gánà, àwọn ọmọdé ń dẹ okùn fún ẹyẹ òkun débi pé ní 1985 wọ́n dá iṣẹ́ àkànṣe sílẹ̀ láti dáàbò bò wọ́n. Ẹlòmíì á ní, "Ṣebí ọdẹ kò léèwọ̀?" Ọdẹ fún jíjẹ kò léèwọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí òkúta lù pa kí a tó dú u, òkúǹbete ni (Súrátul-Má'ídà, 5:3). Kí wá ni èrè rẹ̀? Ibn Umar bá àwọn ọ̀dọ́ Kùráíṣì kan tí wọ́n so ẹyẹ mọ́lẹ̀ tí wọ́n ń ta á lọ́fà. Ó sọ fún wọn pé Ànábì (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ṣẹ́bi fún ẹni tó bá fi ohun ẹlẹ́mìí ṣe àmì ìtafà. Bukhari àti Muslim ló gbà á wá.

Lẹ́yìn ìrun Alásárì lọ́jọ́ Sátidé, ẹ mú ìwé àti kálàmù lọ sétí ọ̀sà, kí ẹ kà wọ́n, kí ẹ kọ iye wọn àti ọjọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá rí òkú ẹyẹ tó ní òrùka lẹ́sẹ̀, ẹ da nọ́ńbà orí rẹ̀ kọ pátá.