Kọ̀ǹpútà ní ara òun gbóná: ṣé òótọ́ ni?

Processor ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Bó bá ń ṣiṣẹ́, ara rẹ̀ á gbóná. Nínú ọ̀pọ̀ processor àtijọ́, dáódù kékeré kan wà. Ìlà bàbà tín-ín-rín 2 ló so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń wọn ooru, tó wà lọ́tọ̀ lórí pátákó. Bí ooru bá fi dígírì 1 lé sí i, iná orí dáódù á dín ní nǹkan bíi mílífóltì 2. Ìyẹn kéré púpọ̀! Ìdọ̀tí tàbí omi lórí pátákó lè mú kí ẹ̀rọ náà parọ́.

Kí ẹ tó náwó, ẹ dán an wò:

1. Ẹ pa kọ̀ǹpútà lálẹ́. Ẹ tàn án láàárọ̀, kí ẹ tètè wo nọ́ńbà ooru.

2. Bó bá bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, tó wá ń gòkè, ooru gan-an ni. Ẹ pa á, kí ẹ nu eruku fáànù.

3. Bó bá jẹ́ 127 láti ìbẹ̀rẹ̀, tí kò yí padà, irọ́ ni. Ìlà kan lè ti já. Ẹ gbé e lọ fún alátùn-únṣe.

Ẹ má ra fáànù tuntun nítorí irọ́. Ẹ má sì pe òótọ́ ní irọ́, kí processor má baà bàjẹ́.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí a fi ń wò ó láàárọ̀?