Bí Ọ̀nà Bá Dí

Ọmọ mi, jókòó. Má dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó wá sin owó. Fa àpótí tó wà lábẹ́ igi àgbọn yẹn súnmọ́ mi, nítorí ohùn mi kì í lọ jìnnà mọ́, ọ̀rọ̀ tí mo sì fẹ́ bá ọ sọ kì í ṣe èyí tí a ń fi igbe sọ. Ìyá rẹ ti wá bá mi. Ó ní o kì í sùn mọ́ lóru. Ó ní bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ, ńṣe lo máa ń fi ṣíbí yí i kiri inú abọ́ bí ẹni ń wá ohun tó sọnù. Ó ní gbèsè ọ̀kadà tí o rà ń lé ọ kiri, ọ̀kadà náà sì ti wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì láti bí oṣù mẹ́ta. Àti pé ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, nígbà tó ní kí o dìde kí ẹ jọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, o kọjú sí ògiri, o ní Ọlọ́run kò mọ ibi tí Kankon ìlú wa yìí wà.

N kò pè ọ́ kí n lè bá ọ wí. Àgbà tó jìn sí kòtò ló kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, èmi tí o ń wò yìí sì ti wà nínú kòtò náà rí, mo mọ bí inú rẹ̀ ti tutù tó.

O ti gbọ́njú nígbà tí wọ́n ti ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni wọ́n tì í, ó di oṣù kejìlá 2020 kí wọ́n tó ṣí i. N kò bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń gbé lójú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀, tí ìyá ìyá wa ti ń gba orí ọ̀sà lọ sí Àjàṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fa ààlà, tí a ní àna níhìn-ín tí a ní ìbátan lọ́hùn-ún, kí ni a mọ̀ ju lílọ bíbọ̀ yẹn lọ? Aṣọ Kútọnú ni mo ń kó wá sí ọjà Àgbálátà. Mo ti kó àjọ, mo tún yá owó lé e, mo ti sanwó ọjà tán, ọjà sì wà ní òdìkejì. Nínú òjò ọdún tó tẹ̀ lé e ni bàbá àwọn ọmọ mi sùn tí kò jí. Ọ̀nà dí níwájú, ọ̀nà dí lẹ́yìn, àwọn tí mo jẹ lówó sì mọ ilé mi ju bí ajá ti mọ olówó rẹ̀ lọ.

Ṣé o rí i, èdè Ògù ni mo fi ń sunkún, nítorí òun ni ìyá mi fi rẹ̀ mí lẹ́kún nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́. Yorùbá ni mo fi ń gbàdúrà, nítorí Bíbélì Yorùbá ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ nílé ìwé. Lákòókò tí mo ń sọ yìí, ẹkún wà, àdúrà kò sí. Bí mo bá kúnlẹ̀, ẹnu mi á yà sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kò ní jáde. Ojú tì mí láti sọ fún ẹnikẹ́ni, èmi ìyá ìjọ, èmi tí mo ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́bìnrin pé kí wọ́n kó àníyàn wọn lé Olúwa.

Obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa ló fura. Kò wàásù fún mi, kò sì kọrin sí mi lórí. Lálaalẹ́ ló ń gbé agbọ̀n àgbọn wá, á ní ọwọ́ òun nìkan kò ká a, a ó jọ jókòó, a ó máa rin ín títí agbọ̀n á fi ṣófo. Lọ́jọ́ kejì a ó fún wàrà rẹ̀, a ó gbé e kaná títí òróró á fi jáde. Mo ń rin àgbọn, omi ojú mi ń kán sí i, àwọn àgbà sì ti wí tẹ́lẹ̀ pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Kí ó tó lọ, á di ọwọ́ mi mú, á ní, "Olúwa, àwa méjèèjì rèé." Ó tán. Àdúrà rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnubodè kò tíì ṣí, gbèsè kò tíì tán, ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ kan mo sùn títí ilẹ̀ fi mọ́, n kò sì mọ ìgbà tí oorun náà gbé mi.

Ọmọ mi, ọkùnrin kan wà tí wọ́n ti sọ ìtàn rẹ̀ fún ọ nílé ìwé, ṣùgbọ́n ìdajì ni wọ́n sọ. Wọ́n kọ́ ọ pé Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà fi joyè bíṣọ́ọ̀bù, ní ọdún 1864, o sì kọ ọ́ sínú ìwé, o gba máàkì. Wọn kò sọ fún ọ pé ọmọ yìí ti fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀ rí. Ogun ló kó o ní Òṣóògùn ní 1821, òun àti ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀. Wọ́n yà wọ́n nípa, wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin, ẹṣin kò wu ẹni tó gbà á, wọ́n tún dá ọmọ padà. Ó ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì títí ó fi dé ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń fi ọ̀rọ̀ dídùn sọ fún un pé láìpẹ́ àwọn yóò jọ lọ sí ilẹ̀ Pópó lọ ra tábà. Pópó! Àwa nìyẹn, ọmọ mi. Orúkọ tí àwọn Yorùbá àtijọ́ ń pe àwa Ògù etí òkun ni. Ọmọ náà sì ti gbọ́ pé ilẹ̀ Pópó ni àwọn Potogí tí ń ra ènìyàn wà. Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́, oorun di àlá burúkú, ó sì gbìyànjú lóru, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, láti pa ara rẹ̀, àyà rẹ̀ kò gbà á. Ó wá pinnu pé bí wọ́n bá ń sọdá odò lọ sí ilẹ̀ wa, òun yóò bẹ́ sómi. Ta ló sọ ọ́? Òun fúnra rẹ̀ ni. Ní 1837 ló kọ ọ́ sínú lẹ́tà, ó tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, kò sì fi bò. Bí irú èrò bẹ́ẹ̀ bá ti ya ọ̀dọ̀ rẹ rí, ọmọ mi, kò túmọ̀ sí pé Ọlọ́run ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Àmọ́ má ṣe bá a gbé nìkan. Bó bá dé lóru, lóru náà ni kí o wá kan ilẹ̀kùn mi. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Kò dé ilẹ̀ Pópó nígbà náà. Èkó ni wọ́n kó o gbà, wọ́n tì í sínú ọkọ̀ Potogí, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà wọ́n sílẹ̀ lójú òkun ní oṣù kẹrin 1822. Gbọ́ èyí, nítorí òun ni mo máa ń rántí jù. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ọmọ náà sínú ọkọ̀ àwọn tó gbà wọ́n, wọ́n rí ẹran tí wọ́n so kọ́ kó lè gbẹ, wọ́n rí ọta àgbá tí wọ́n tò jọ, ẹ̀rù sì sọ fún wọn pé ara ènìyàn ni ẹran yìí, orí ènìyàn ni àwọn ọta yìí. Wọ́n gbà pé wọ́n ti pa àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn jẹ. Àjàyí kò ní ìsinmi títí ó fi súnmọ́ ọn, tó wò ó dáadáa, tó rí pátákò. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bi ọ́, ọmọ mi: gbèsè ọ̀kadà yẹn, èló ni? O rí i, o kò mọ̀. O ń sá fún un láti ọjọ́ yìí, o kò tíì jókòó kọ ọ́ sínú ìwé. Lọ wo pátákò rẹ̀. Lọ bá ẹni tí o jẹ lówó kí òun tó wá bá ọ, sọ iye tí agbára rẹ ká lọ́sẹ̀. Ó lè pariwo, kò ní jẹ ọ́ tán. Bí àìsùn náà bá sì ń pọ̀ sí i, dìde lọ rí dókítà. Oníṣègùn ni Lúùkù, Pọ́ọ̀lù kò sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá ní àìnígbàgbọ́ ni oògùn, tàbí tó ní kí o lọ wá owó ńlá wá kí òun tó lè ríran sí ọ̀rọ̀ rẹ, kí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí o sì máa bá tìrẹ lọ. N kò bá ìjọ kankan jà o. Mẹ́tọ́díìsì ni mí, ọmọ mi àgbà sì ń wọ sùtánà Sẹ̀lẹ́, ìjọ tí Oschoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1947 tí àwọn apẹja wa gbé wọ Èkó. Bó bá ń gbàdúrà láìwọ bàtà, èmi náà á sọ pé àmín.

Ní oṣù kìíní 1845, Àjàyí dé ilẹ̀ Pópó wàyí. Ó ti di àlùfáà, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì tó ti bà á lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀, òun àti àwọn míṣọ́nnárì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Henry Townsend àti Charles Gollmer. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Wọ́n dé etí ọ̀sà, wọ́n gbọ́ pé Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá tí ń retí wọn, ti kú, ogun sì ti dí ọ̀nà. Oṣù méjìdínlógún ni wọ́n fi dúró. Ibà ń gbé wọn dè, ìyàwó Gollmer sì kú láìpẹ́ sígbà tí wọ́n dé. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé oṣù méjìdínlógún ni o. Ẹni tó mọ iye ọjọ́ tí òun máa dúró, ìyẹn kì í ṣe sùúrù mọ́, kàlẹ́ńdà ni. Kí ni wọ́n wá ń ṣe? Wọ́n kọ́ ilé. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn àlejò máa ń wá yà ní fọ́tò létí ọ̀sà, 1845 ni wọ́n parí rẹ̀. Wọ́n kó ọmọdé jọ sílé ìwé. Àjàyí ń wàásù ní Yorùbá fún ẹni tó bá dúró gbọ́, ó sì ń tú Bíbélì díẹ̀díẹ̀, Bíbélì tí odindi rẹ̀ kò jáde títí di 1884, òun náà ni mo fi kọ́ bí a ti ń gbàdúrà.

Ẹ̀bá ibẹ̀ náà ni igi Àgíà wà, tí Freeman ti ìjọ wa wàásù lábẹ́ rẹ̀ ní 1842. Ọmọdé ni mí nígbà tó wó ní oṣù kẹfà 1959. Mo sunkún, mo bi bàbá mi pé níbo wá ni Ọlọ́run máa jókòó sí, ó sì rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀.

Àwa tí a mọ ohun tí atẹ́gùn ń fi ọ̀sà ṣe, ó yẹ kí ìtàn Jésù tó sùn nínú ọkọ̀ yé wa ju àwọn ará òkè lọ. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kígbe mọ́ ọn, wọ́n bi í bóyá kò tilẹ̀ bìkítà. Ó bá wọn wí díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ẹnikẹ́ni sómi nítorí pé ó kígbe. Kígbe sí i, ọmọ mi. Ó sàn ju kí o kọjú sí ògiri lọ. Àlàáfíà tó sì ṣèlérí fún wọn, alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n máa mú un ló ṣèlérí rẹ̀, nígbà tí gbogbo ọ̀nà ti dí.

Oṣù kẹjọ 1846 ni Àjàyí wọ Abẹ́òkúta, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù náà sì ni Àfàlá ìyá rẹ̀ rìn wọlé wá bá a. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n! Ó kọ ọ́ pé àwọn di ara wọn mú, àwọn ń wo ara wọn, ọ̀rọ̀ kò jáde, omi ń bọ́ lójú ìyá, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tó sì rí ohùn, orúkọ tí ìyá àgbà ń pe ọmọ náà ní Òṣóògùn ló fi ń pè é. Ní 1848 ó ṣe ìrìbọmi, wọ́n sọ ọ́ ní Hánà, ìyá Sámúẹ́lì.

O ń wo ọ̀nà, ó dà bí ẹni pé o fẹ́ máa lọ. Má tíì lọ. Àgbọn wà nínú agbọ̀n tó wà lẹ́yìn rẹ yẹn, ọwọ́ mi nìkan kò sì ká a mọ́. Fọ́ ọ̀kan wá, kí a jọ rin ín kí ilẹ̀ tó ṣú.